Ṣé Bí Àwọ̀ Ṣe Rí Lójú Mi Ló Rí Lójú Rẹ?

Kí John Dalton tó kú ní ìlú Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1844, ó ti fi àṣẹ sílẹ̀ pé bí òun bá ti dákẹ́, kí wọ́n yọ ẹyinjú òun, kí wọ́n wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ pé o. Òun ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ayé ń torí ẹ̀kọ́ átọ́ọ̀mù bọlá fún títí dòní. Ohun tí kò jẹ́ kó sinmi ni pé àwọ̀ kì í rí lójú rẹ̀ bó ṣe ń rí lójú ará yòókù. Òdòdó kan wà tí wọ́n ń pè ní geranium. Lójú àwọn ẹlòmíì, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni òdòdó náà lọ́sàn-án, kì í sì í pa àwọ̀ dà lálẹ́. Lójú Dalton, bí ojú sánmà ló rí lọ́sàn-án. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí wọ́n tan àbẹ́là, ó di pupa. Ó bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń sọ, àfi ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin, tó ní bó ṣe rí lójú òun náà nìyẹn. Ní 1794 ó dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Manchester, ó ro ẹjọ́ ojú ara rẹ̀. Àlàyé tó rí sí i ni pé omi inú ẹyinjú òun ní láti ní àwọ̀ aró, kó jẹ́ pé omi yẹn ló ń dínà mọ́ pupa.

Dókítà Joseph Ransome ṣe bí olóògbé ṣe wí. Ó da omi ẹyinjú kan jáde, omi náà mọ́ gaara. Ó gé ẹ̀yìn ẹyinjú kejì, ó gba inú rẹ̀ wo ohun pupa àti ohun aláwọ̀ ewé, kò rí ìyàtọ̀ kankan. Wọ́n fi ohun tó kù pamọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí 150 ọdún, ní 1995, àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bù díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n yẹ DNA rẹ̀ wò, àṣírí sì tú: ọ̀kan nínú oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tí à fi ń mọ àwọ̀ ni kò sí lójú Dalton.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé ọkùnrin náà ti pé ọmọ ọdún 26 kó tó fura sí ojú ara rẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, orúkọ tí wọ́n kọ́ ọ ló ń pe àwọ̀, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é, kò sì sí ẹni tó já a nírọ́. Tí wọ́n bá ń béèrè bóyá ojú gbogbo wa ń rí àwọ̀ bákan náà, ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń lọ́. Pé èmi pẹ̀lú yín jọ ń pe ata ní pupa kò fi hàn pé ohun kan náà la jọ rí.

Ìbéèrè méjì ló sá pamọ́ sínú ẹyọ kan yìí. Èkíní ni bóyá ojú yín lè ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì níbi tí ojú tèmi ti ń rí méjèèjì bí ọ̀kan náà. Èyí ṣeé dán wò, wọ́n sì ti dán an wò dáadáa. Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ká tilẹ̀ gbà pé ojú wa ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀ bákan náà, ṣé bí pupa ṣe rí nínú ọkàn mi ló ṣe rí nínú ọkàn yín? Ní nǹkan bí 1690, onímọ̀ èrò nì, John Locke, bi àwọn tó ń kà á léèrè pé bó bá jẹ́ pé ohun tí òdòdó aláwọ̀ elésè àlùkò gbìn sọ́kàn ẹnìkan ni òdòdó aláwọ̀ yẹ́lò gbìn sọ́kàn ẹlòmíì ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ láé? Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tó ti wáyé látìgbà náà kò ní ìdí méjì, pípo ni wọ́n ń po ìbéèrè méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ìsàlẹ̀ gùn ún. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní àwọ̀. Isaac Newton ti sọ èyí láti 1704. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, òmíràn gùn, òmíràn kúrú, ojú àti ọpọlọ ló ń sọ gígùn àti kíkúrú di àwọ̀. Nínú awọ fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní kóònù, oríṣi mẹ́ta. Ọ̀kan ń gba ìgbì gígùn ju àwọn yòókù lọ, ọ̀kan ń gba tàárín, ọ̀kan ń gba kúkúrú. Kò sí èyí tó mọ àwọ̀ nínú wọn. Iye ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e ni kálukú ń rán sí ọpọlọ. Ọpọlọ ló ń fi iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra kó tó pe nǹkan ní pupa tàbí àwọ̀ ewé. Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ibi tó funfun lójú fóònù yín. Ẹ ò ní rí funfun kankan níbẹ̀, iná pupa, iná àwọ̀ ewé àti iná búlùú kéékèèké lẹ máa rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni yẹ́lò ojú fóònù: pupa àti àwọ̀ ewé ló tanná pọ̀, tí ọpọlọ ń kà á sí yẹ́lò. Àwọn tó ṣe fóònù mọ̀ pé ojú wa ṣeé tàn jẹ lọ́nà kan náà, òwò wọn sì dúró lé e lórí.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti kọ́kọ́ wọlé ni jíìnì. Àwọn jíìnì tó ń ṣe kóònù ìgbì gígùn àti ti ìgbì àárín wà lórí kúrómósómù X, wọ́n jọra bí ìbejì, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà ó rọrùn kí ọ̀kan bọ́ sọnù tàbí kí wọ́n dàrú mọ́ra nígbà tí ara bá ń ṣẹ̀dà wọn. Ẹyọ X kan ni ọkùnrin ní, kò ní àfidípò. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun ilẹ̀ Yúróòpù, nǹkan bí ọkùnrin 8 nínú 100 ni kò lè ya pupa àti àwọ̀ ewé sọ́tọ̀ dáadáa. Obìnrin kò tó ẹyọ kan nínú 100. Láàárín àwa èèyàn dúdú, iye ọkùnrin náà kéré sí èyí, àmọ́ wọ́n wà láàárín wa. Wọ́n lè wà nínú ẹbí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ̀. Ọmọ tí ẹ rán ní tàtàṣé tó pọ́n, tó kó tútù mọ́ ọn wálé, tí ẹ ní kò fara balẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó fara balẹ̀ títí tó rẹ̀ ẹ́. Ní 1917, dókítà ará Japan kan, Shinobu Ishihara, gbé ìwé àmì tóótòòtó jáde, tí ẹni tí ojú rẹ̀ pé máa rí nọ́ńbà láàárín rẹ̀, tí ẹni tí ojú rẹ̀ kò pé kò ní rí nǹkan kan. Òun ni wọ́n ṣì ń lò jákèjádò ayé. Kó tó di ìgbà náà, ní 1875, ọkọ̀ ojú irin méjì ti forí sọ ara wọn ní Lagerlunda, ní Sweden, èèyàn sì kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Frithiof Holmgren ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kan kò dá àmì pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Kò sẹ́ni tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi àwọ̀ dán ojú awakọ̀ ojú irin wò.

Àwọn kan wà tí wọn kì í rí àwọ̀ rárá. Ní erékùṣù Pingelap, ní Micronesia, ìjì ńlá kan jà ní nǹkan bí 1775, èèyàn bí ogún ló ṣẹ́kù. Ìtàn wọn ní ọba wà lára wọn, ó sì ní jíìnì tí kì í jẹ́ kí kóònù ṣiṣẹ́. Lónìí, láàárín èèyàn 5 sí 10 nínú 100 níbẹ̀ ló ń rí ayé ní funfun, eérú àti dúdú nìkan. Oòrùn ń fìyà jẹ ojú wọn, ṣùgbọ́n dókítà Oliver Sacks, tó lọ bá wọn tó sì kọ ìwé lórí wọn, ròyìn pé wọ́n já fáfá nídìí ẹja pípa lóru.

Ó rọrùn láti ka gbogbo ìwọ̀nyí sí àìsàn, ká wá gbà pé àwọn tí ojú wọn pé ń rí bákan náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn gan-an nìyí o. Ní 1999, Austin Roorda àti David Williams ní Yunifásítì Rochester, ní Amẹ́ríkà, yá ọgbọ́n tí àwọn awòràwọ̀ fi ń mú kí ìràwọ̀ mọ́ ketekete, wọ́n fi ya àwòrán kóònù nínú ojú ọkùnrin méjì tó wà láàyè. Àwọn méjèèjì ló yege ìdánwò àwọ̀. Lójú ẹnìkan, kóònù ìgbì gígùn àti ti àárín fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lójú ẹnì kejì, ti ìgbì gígùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin sí ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n wá wo ojú àwọn ẹlòmíì lẹ́yìn náà, wọ́n rí èyí tó tó mẹ́rìndínlógún sí ẹyọ kan. Ẹ̀rọ tó yàtọ̀ síra tó báyìí ni a gbé sójú, bẹ́ẹ̀ kò sí ìjà láàárín wa. Bí ẹ bá ní kí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ tún iná kan ṣe títí yóò fi di yẹ́lò gidi, tí kò ní pupa nínú, tí kò ní àwọ̀ ewé nínú, ibì kan náà ni gbogbo wọn máa dúró sí, tàbí kó súnmọ́ ọn gan-an.

Kí ló fà á? Ní 2002, Jay Neitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn èèyàn máa wọ awò aláwọ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, yẹ́lò ti ṣí kúrò níbi tó wà lójú wọn, bí wọ́n tilẹ̀ ti bọ́ awò náà. Nígbà tí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀, ó padà sáyè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí èyí fi hàn ni pé ọpọlọ kì í gba ohun tí ojú sọ gbọ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Ìmọ́lẹ̀ ayé tó yí wa ká ló fi ń tún òṣùwọ̀n rẹ̀ ṣe, oòrùn kan náà ló sì ń ràn lé gbogbo wa lórí. Lójú tèmi, èyí ni ìdáhùn tó lágbára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ohun èlò wa kò dọ́gba, ayé tí a fi ń dá a lẹ́kọ̀ọ́ ló dọ́gba.

Ara àgbàlagbà jẹ́rìí sí i. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ sókè, lẹ́ńsì ojú máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bíi tíì, kì í sì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlùú wọlé tó bó ṣe yẹ. Síbẹ̀, ẹ bi ìyá àgbà ẹni àádọ́rin ọdún, funfun ni yóò pe ìwérí funfun. Ọpọlọ ti bá a ṣe é. Ìgbà tí dókítà bá yọ lẹ́ńsì tó ti dọ̀tí náà kúrò ni àṣírí máa ń tú. Gbogbo nǹkan a ṣàdédé di búlùú, ó sì lè tó oṣù mélòó kan kí funfun tó padà di funfun. Ayàwòrán ará Faransé nì, Claude Monet, ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ní 1923. Àwọn àwòrán afárá ọgbà rẹ̀ tó yà ṣáájú ìgbà náà kún fún pupa àti àwọ̀ ilẹ̀ débi pé èèyàn lè má dá afárá mọ̀ nínú wọn.

Obìnrin kan wà, àwọn onímọ̀ ní Newcastle ṣàwárí rẹ̀ ní 2010, tó ní kóònù oríṣi mẹ́rin, tó sì ń fi kẹrin náà ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní jíìnì tó lè fúnni ní kẹrin. Nínú àwọn 24 tí wọ́n dán wò, òun nìkan ló ń rí ìyàtọ̀ tí àwa yòókù kò lè rí. Ẹ má gba gbogbo ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ fún èèyàn pé òun náà ní mẹ́rin gbọ́. Ojú fóònù tí iná mẹ́ta péré wà lára rẹ̀ kò lè dán kóònù mẹ́rin wò.

Wàyí o, aṣọ ọdún 2015. Ẹ rántí. Fọ́tò aṣọ kan tí wọ́n fẹ́ wọ̀ síbi ìgbéyàwó ní Scotland ló dé orí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kejì, tọkọtaya ń jà, ọ́fíìsì pín sí méjì. Àwọn kan ní búlùú àti dúdú ni, àwọn kan fi orí wọn búra pé funfun àti wúrà ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bi èèyàn 1,401 léèrè, 57 nínú 100 ní búlùú àti dúdú, 30 ní funfun àti wúrà, 11 ní búlùú àti búráùn. Búlùú àti dúdú ni aṣọ náà ní tòótọ́. Fọ́tò náà kò jẹ́ kí èèyàn mọ irú ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀, nítorí náà ọpọlọ kálukú mú ìmọ́lẹ̀ tó wù ú, ó yọ ọ́ kúrò, ó wá rí èyí tó kù. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ rò pé abẹ́ òjìji ni aṣọ wà rí funfun. Ẹni tí tirẹ̀ rò pé abẹ́ iná gílóòbù ni, ó rí búlùú. Àwọn oníbàárà ọjà Balógun l'Ékòó ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́: wọn kì í gba léèsì aṣọ ẹbí lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n má gbé e jáde sí oòrùn, kí wọ́n gbé e ti èyí tí ìyàwó fi ránṣẹ́. Aṣọ méjì lè bára mu lábẹ́ iná, kí wọ́n di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níta. Ohun tí fọ́tò yẹn fi kún ìmọ̀ wa ni pé láàárín àwọn tí ojú wọn pé pérépéré, tí wọ́n jókòó ti ara wọn, tí wọ́n ń wo fóònù kan náà, ìyàtọ̀ lè wà, kó sì jinlẹ̀ débi pé ẹnìkan kò ní lè rí ti ẹnì kejì bó ti wù kó gbìyànjú tó.

Ọ̀rọ̀ èdè ló kù, ibẹ̀ sì ni àwọn òyìnbó ti da omi rú jù. Ní 1858, William Gladstone, tó padà di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé akéwì Gíríìkì nì, Homer, kò pe òkun ní búlùú rí, bíi wáìnì ló ní ó rí. Ó wá sọ pé bóyá ojú àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ kò tíì dàgbà tó. Ní 1969, Brent Berlin àti Paul Kay fi èdè 98 wéra, wọ́n ní orúkọ àwọ̀ máa ń wọlé sínú èdè ní ìtẹ̀léra kan náà: dúdú àti funfun, lẹ́yìn náà pupa, kí àwọn yòókù tó dé. Àwa tí a ní funfun, pupa àti dúdú gẹ́gẹ́ bí òpó mẹ́ta, ẹ mọ ibi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ máa fi wá sí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ dá a lábàá ní 2002 pé oòrùn ilẹ̀ olóoru ló ń mú lẹ́ńsì ojú pọ́n, tí àwọn èdè ibẹ̀ kò fi ní orúkọ fún búlùú. Nígbà tí àwọn ẹlòmíì wá fi àwọn àgbàlagbà tí lẹ́ńsì ojú wọn ti pọ́n wé àwọn ọ̀dọ́, búlùú náà ni àwọn méjèèjì ń pe búlùú.

Kí ẹni tó bá rò pé ojú àwọn baba wa kò rí búlùú lọ dúró ti ìkòkò aró. Aláró ti gún ewé èlú, ó ti sá a, ó ti rẹ ẹ́ sínú omi eérú títí ó fi jinná. Ó ki aṣọ bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́, aṣọ jáde ní àwọ̀ tó súnmọ́ ti ewé tútù. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí ẹ tó ṣẹ́jú bíi mélòó kan, ó ti ń di búlùú lójú yín. Ó tún un kì bọ̀ ọ́. Rírẹ kan ni àyìnrín, rírẹ púpọ̀ ló ń dé ibi tí à ń pè ní dúdú, aláró sì mọ gbogbo ipò tó wà láàárín wọn. Bí oníbàárà bá ní kò tíì tó, kò ní wulẹ̀ jiyàn, á dá a padà sínú aró. Àwọn tó hun ẹ̀tù, tí wọ́n fi òwú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun sín in láàárín aró kó lè rí bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹ̀tù, kò ní kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wọn ní búlùú. Orúkọ mẹ́ta tó wà nídìí àwọ̀ kò dí wọn lójú, ohun tó ń yé gbogbo ènìyàn lójú ọjọ́ ni wọ́n ń fi orúkọ mẹ́ta náà sọ.

Ṣé èdè kò wá ní ipa kankan ni? Ó ní, ṣùgbọ́n ó kéré. Àwọn tó ń sọ èdè Rọ́ṣíà ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún búlùú tó kì àti búlùú tó fẹ́ẹ́rẹ́. Ìwádìí kan ní 2007 fi hàn pé wọ́n máa ń yára ya méjì sọ́tọ̀ tí ọ̀kan bá bọ́ sábẹ́ orúkọ kan tí èkejì bọ́ sábẹ́ orúkọ kejì. Ìdá kan nínú ìṣẹ́jú àáyá ni ìyára náà, ó sì pòórá nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa tún nọ́ńbà sọ lọ́kàn bí wọ́n ṣe ń wò. Ohun tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde lórí àwọn Himba ní Namibia pẹ̀lú kò tó ohun tí fíìmù tẹlifíṣọ̀n kan ní 2011 sọ ọ́ dà, tí gbogbo ayé ń pín kiri pé wọn kì í rí búlùú láàárín àwọ̀ ewé.

Èyí dá wa padà sọ́dọ̀ Locke. Wọ́n ti há ìbéèrè rẹ̀ mọ́ ju bó ṣe wà ní 1690 lọ, bí wọn kò tilẹ̀ tíì mú un. Ẹ kò lè pààrọ̀ àwọ̀ méjì nínú ọkàn ẹnìkan kí ẹnikẹ́ni má fura, nítorí pé àwọ̀ kò dọ́gba láàárín ara wọn. Yẹ́lò ló mọ́lẹ̀ jù. Ẹ mú un ṣókùnkùn díẹ̀, kò jẹ́ yẹ́lò mọ́, ó ti di búráùn. Búlùú kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó ṣókùnkùn tó, búlùú náà ni. Ẹni tí a bá yí tirẹ̀ padà máa já ara rẹ̀ nírọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ní 2025, àwọn onímọ̀ ní Tübingen, ní Jámánì, fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wo àwọ̀, wọ́n sì lè fi ohun tí wọ́n rí nínú ọpọlọ àwọn kan sọ àwọ̀ tí ẹlòmíì ń wò. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà tò wọ́n jọra láti orí dé orí. Onímọ̀ èrò á ní ìyẹn kò tíì sọ bó ṣe rí nínú, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹrù ti kúrò lórí wa, ó ti bọ́ sórí ẹni tó ní ó yàtọ̀: òun ni kó sọ ibi tí ìyàtọ̀ náà sá pamọ́ sí.

Ní ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ ní Berkeley, ní California, ṣe ohun tí ìṣẹ̀dá kì í ṣe. Kò sí ìmọ́lẹ̀ láyé tó lè kan kóònù ìgbì àárín nìkan kó má kan àwọn yòókù. Wọ́n ya àwòrán kóònù ojú èèyàn kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni o, nítorí pé ti ẹnìkan kò bá ti ẹnìkan mu, wọ́n wá fi iná lésà gún ti àárín nìkan. Èèyàn márùn-ún ló rí ohun tó jáde, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ara àwọn tó kọ ìwádìí náà. Wọ́n sọ àwọ̀ náà ní “olo”. Ojú márààrún yìí, tí kóònù wọn tò lọ́nà márùn-ún, ní àwọ̀ omi òkun ni, àárín búlùú àti àwọ̀ ewé, ó sì kì débi pé wọ́n ní láti fi funfun là á kí wọ́n tó rí ìmọ́lẹ̀ mìíràn tó lè bá a dọ́gba.